Ibi Tí Waya Náà Ti Já

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè kan ti ń bá mi sùn, tó tún ń bá mi jí. Ọmọṣẹ́ mi ló bi mí. Ó di ojú waya kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ojú kejì mú lọ́wọ́ òsì, ó ní, "Ọ̀gá, ibi tí ẹ jó kò já o. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ti já. Kí ló fà á?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó lọ bá mi ra omi tútù wá.

Waya pọ́ǹpù ni, pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nísàlẹ̀ ọkọ̀ èrò kan tó ń ná Ìpakòdò ní Ìkòròdú sí Ẹ̀bútè Èrò. Èmi ni mo so waya yẹn nínú oṣù kejì ọdún, tí mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì sójú rẹ̀ kó lè lẹ̀ pọ̀; òun ni à ń pè ní jíjó waya. Nígbà tí òjò dé, tí omi ń ta wọnú ọkọ̀ láàárín ọ̀sà, awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì, pọ́ǹpù kò dáhùn. Àwọn èrò ló fi abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí gbọ́n omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa. Nígbà tí mo dé èbúté, awakọ̀ náà kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó" lọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Áyọ́ọ̀nù tí mo mọ̀

Áyọ́ọ̀nù tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí a fi ń lọ aṣọ. Èyí tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sójú waya ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe ní Òyìngbò ni mo ti kọ́ṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù 30 wáàtì ni wọ́n fi kọ́ mi, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu pẹ́ńsù. Ó dára fún rédíò. Ẹsẹ̀ àwọn nǹkan inú rédíò kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Bí ẹnu áyọ́ọ̀nù bá ti kàn án báyìí, lẹ́ẹ̀dì ti yọ́, a ti gbé e kúrò. Nígbà tí iṣẹ́ rédíò dínkù, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù yẹn náà ni mo gbé dání lọ sétí omi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó yẹ kí n fi í sílé.

Waya pọ́ǹpù yàtọ̀. Bàbà inú rẹ̀ nípọn, bàbà sì mọ ooru jí gbé gan-an: bí o bá fi iná kàn án níhìn-ín, ó ti gbé e dé ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé wáàtì ni bí áyọ́ọ̀nù ṣe gbóná tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Áyọ́ọ̀nù 30 wáàtì àti ti 60 lè jọ gbóná dé 350°C nígbà tí wọn kò tíì kan nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá kan bàbà tó nípọn ni ìyàtọ̀ máa ń hàn, nítorí wáàtì ló ń sọ bí ooru tuntun ṣe ń yára dé láti rọ́pò èyí tí waya ti gbé lọ. Ẹ wò ó bí ẹni ń bu omi sínú agbada tó ń jò. Ẹni tó ń fi ife bù ú kò ní rí i kó kún láéláé. Ẹni tó ń fi garawa bù ú á rí i.

Lẹ́ẹ̀dì tí a ń lò, tánńganran àti òjé tí wọ́n pò pọ̀ ni, 183°C ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kò pọ̀ lójú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn ọ̀sà bá ń fẹ́ lu ẹnu áyọ́ọ̀nù kékeré yẹn, tí bàbà náà sì ń fa ooru lọ, ojú waya kò ní tètè dé 183. Kí ni mò ń ṣe nígbà náà? Mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mò ń dúró. Sùúrù ni mo pè é.

Abẹ́ rọ́bà

Mo mú waya náà lọ sílé ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Iná NEPA ti lọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo fi bíléèdì la rọ́bà waya náà gbọọrọ, láti ibi tí mo jó títí dé ibi tó ti já. Bàbà pupa ni mo rò pé màá bá lábẹ́ rẹ̀. Funfun tó ń dán ni mo bá: lẹ́ẹ̀dì. Ó ti yọ́ wọ abẹ́ rọ́bà lọ, ó gùn tó oríkèé ìka méjì, ó sì ti lẹ gbogbo fọ́nrán bàbà yẹn pọ̀ di ọ̀pá kan ṣoṣo, ó gan bí egungun ẹja. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Mo mú ojú kejì, èyí tó lọ sídìí bátìrì, òun rọ̀ bí okùn ṣòkòtò. Ibi tí ọ̀pá yẹn parí sí, tí rírọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni waya náà ti já. Ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

A máa ń sọ pé ibi tó tín-ín-rín ni okùn ti ń já. Waya yìí kò tín-ín-rín níbì kankan. Ibi tí líle ti pàdé rírọ̀ ló ti já.

Ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń yí ju ìgbà 4,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ bá wà lórí eré, ìgbì sì ń gbá ìdí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo waya inú ọkọ̀ ló ń gbọ̀n. Èyí tó bá rọ̀ láti orí dé ìdí á pín gbígbọ̀n náà kárí ara rẹ̀. Èyí tó bá le lójú kan, ẹnu ibi líle yẹn nìkan ni yóò máa tẹ̀, tí yóò máa tẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ká irin ìkáṣọ síwá sẹ́yìn títí tó fi kán. Láti oṣù kejì títí di ìgbà òjò, lójoojúmọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí waya yẹn nìyẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò.

Mo ti wá rí èsì ọmọṣẹ́ mi, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Lẹ́ẹ̀dì kò mọ ọ̀nà kankan fúnra rẹ̀. Ibi tí ooru bá gbà ló ń bá a gbà, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Áyọ́ọ̀nù tó lágbára á mú ojú waya gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́ẹ̀dì á wọlé, a ó gbé ọwọ́ kúrò kí ooru tó rin jìnnà. Tèmi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń dúró kí ojú waya gbóná ni ooru ń rìn lọ lábẹ́ rọ́bà, nígbà tí lẹ́ẹ̀dì sì yọ́ tán, ó bá a lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní. Àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀sọ̀ ọwọ́ yàtọ̀ sí pípẹ́ iná. Ọwọ́ ni kó fẹ̀sọ̀. Iná ní láti yára.

Nígbà tí mo lọ wá òmíràn

Ní ọjà Alábà, gbogbo ẹni tó ń ta áyọ́ọ̀nù ló ń bi mí pé ti èló ni mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé irú waya wo ni mo fẹ́ jó, tàbí pé ibo ni màá ti jó o. N ò dá wọn lẹ́bi, nítorí èmi náà kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn fún ọdún mélòó kan.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti 60 wáàtì tó ń lo iná ilé, 220 fóòtì (volt). Agbára rẹ̀ tó. Èèyàn lè fi ínfátà kékeré gbé e lórí bátìrì ọkọ̀: 60 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì jẹ́ áńpù 5, pẹ̀lú díẹ̀ tí ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ, bátìrì tó dára á sì gbé e láìjanpata. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni 220 fóòtì nínú ọkọ̀ tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹni tutù, tí ọwọ́ tutù. Mo ti rí ẹni tí iná gbé bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Áyọ́ọ̀nù yẹn, orí ilẹ̀ ni mo fi í sí. Bí waya bá ṣe é tú jáde, mo máa ń tú u, mo ń gbé e wá sí èbúté, kí n jó o lórí tábìlì níbi gbígbẹ.

Oníṣòwò kan fẹ́ kí n gbé èyí tó ń lo gáàsì. Kò nílò waya, kò nílò bátìrì, ó sì tètè ń gbóná. Ó gbé e sí mi lọ́wọ́, ó tàn án, iná búlúù yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ èrò wa, bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, kẹ́ẹ̀gì epo sì wà lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í fò lọ sókè, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ ba sí. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn náà sì ni pọ́ǹpù wà, ibẹ̀ lẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ń ti orí bọ̀. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi: ẹ má tan iná gáàsì nínú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù. Áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná gan-an, kò yẹ ká gbé e wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé a ti kó kẹ́ẹ̀gì jáde, tí a ti gbọ́n omi ìsàlẹ̀, tí a ti jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ wọ inú ọkọ̀ títí òórùn epo fi lọ.

Àwọn áyọ́ọ̀nù kékeré kan ti wà báyìí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju bírò lọ, bíi TS100 àti Pinecil, tí a lè yan bí a ṣe fẹ́ kó gbóná tó. 12 fóòtì sí 24 fóòtì ni wọ́n ń lò, ẹ̀rù mànàmáná kò sí níbẹ̀ bíi ti iná ilé. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo rò pé bátìrì ọkọ̀ ló yẹ kí n so ó mọ́, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi fóòtì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi ohm ẹnu rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, pín in. Èyí tí ohm rẹ̀ jẹ́ 8, bí ẹ bá fún un ní 12 fóòtì, 18 wáàtì péré ni yóò fún yín, kò tó áyọ́ọ̀nù mi àtijọ́ pàápàá. Fún un ní 20 fóòtì, ó di 50. Fún un ní 24, ó di 72. Irinṣẹ́ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló dì í mú. Ohun tí a fi bọ́ ọ ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ tàbí akíkanjú. Páwà báǹkì tó lè fún un ní 20 fóòtì ni mo rà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì pa ẹnu ṣóńṣó tó bá a wá tì. Ẹnu pẹlẹbẹ ni mo ń lò, kí ojú rẹ̀ lè fara kan waya dáadáa, nítorí ibi tí ara bá ti kanra ni ooru ń gbà kọjá.

Lẹ́ẹ̀dì náà ní ìtàn tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 60/40 sí lára, tánńganran 60, òjé 40, kì í gan lẹ́ẹ̀kan náà. Láti bíi 190°C sí 183, ó máa ń wà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, kò ṣàn, kò le. Lórí tábìlì, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Nínú ọkọ̀, ọkọ̀ mìíràn lè kọjá nígbà náà, kí ìgbì rẹ̀ mi yín, kí waya sún díẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì di hárahàra, kò ní dán, iná kò sì ní gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ 63/37 sí kò ní ìgbà ẹ̀kọ yẹn: ní 183 ó yọ́, ní 183 náà ló gan. Òun ni mo gbé. Ti péésìtì, ìyẹn ohun tí a fi ń pa ojú waya kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un, ẹ má lo èyí tí àwọn páńbá fi ń jó páìpù. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, yóò máa jẹ bàbà lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sílé. Ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹ pọfupọ́ọ̀fù tí wọ́n ń tà létí omi yẹn. Òjé wà lọ́wọ́ yín, kò dára nínú ikùn, kò dára rárá fún ọmọdé tí ẹ máa lọ gbé nílé.

Rédíò kì í rìn

Mo lọ kí ọ̀gá mi ní Òyìngbò lọ́jọ́ Àìkú kan. Àwa ọmọṣẹ́ wọn, Bàbá la ń pè wọ́n. Mo gbé waya náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n nu awò ojú wọn, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n fi èékánná fa ibi tí mo là.

"Áyọ́ọ̀nù wo lo fi jó o?"

"Èyí tí ẹ fún mi ni, sà."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n tún waya náà yí. "Rédíò kì í rìn," ni wọ́n sọ. "Orí tábìlì ló ń gbé. Ohun tí mo kọ́ ẹ, ti orí tábìlì ni."

Bẹ́ẹ̀ Bàbá kan náà ló kọ́ wa pé ẹni tó bá fi páláyà tẹ ojú waya pọ̀ láìjó o, iṣẹ́ ọ̀lẹ ló ṣe. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lórí fún nǹkan bí ogún ọdún. Mo sọ fún wọn pé níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fún ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ABYC ti kọ ọ́ sínú ìlànà iná ọkọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní E-11, pé lẹ́ẹ̀dì nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó so waya pọ̀. Ohun mìíràn ní láti dì í mú. Wọ́n tún ní kí a máa de waya mọ́ ara ọkọ̀, ó kéré tán ní gbogbo ínṣì 18, kó má baà máa jó kiri. Bàbá gbọ́, wọ́n mi orí. Wọn kò jiyàn. Wọ́n kàn bi mí bóyá irin tí wọ́n fi ń tẹ ojú waya yẹn wọ́n.

Ó wọ́n díẹ̀. Kì í ṣe páláyà lásán. Ẹnu rẹ̀ ní ihò fún ìwọ̀n waya kọ̀ọ̀kan, kì í sì í tú sílẹ̀ àfi bí ó bá tẹ̀ ẹ́ dé ojú àmì. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí: mo máa ń gé waya sẹ́yìn títí màá fi rí bàbà tó mọ́, nítorí èyí tó bá ti dúdú tàbí tó ti hu àwọ̀ ewé kò ní gba lẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gba títẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Màá fi rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú bò ó, èyí tó máa ń fún mọ́ waya bí ooru bá kàn án, kí omi má wọlé. Lẹ́yìn náà màá dè é lápá méjèèjì. Áyọ́ọ̀nù kò di aláìníṣẹ́ o. Ìdí ṣíìṣì, inú pánẹ́ẹ̀lì awakọ̀, bọ́ọ̀dù rédíò ọkọ̀, àwọn ibi tí ẹsẹ̀ waya kéré tí kò sì sí nǹkan tó ń fà á, lẹ́ẹ̀dì ṣì ni ọba níbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn gan-an. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ nílùú wa, ohun tí a fi ń yangàn ni pé bí ọ̀gá ṣe kọ́ wa la ṣe ń ṣe é. Ó dára, ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n Èkó kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró lójú kan. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná ilé ló ń so sólà lónìí, ẹni tó kọ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, èmi tí mo kọ́ rédíò ni mò ń so pọ́ǹpù tí èèyàn méjìlélógún gbẹ́kẹ̀ lé. A ń ru iṣẹ́ kọjá omi láìbi í bóyá ó mọ̀wẹ̀. Kò sí èké nínú ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi. Èmi ni mo gbé e kúrò níbi tó ti jẹ́ òótọ́.

Ọkọ̀ mẹ́sàn-án

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ iṣẹ́ sí. Mo ṣí i, mo ka gbogbo ọkọ̀ tí mo ti fi áyọ́ọ̀nù kékeré yẹn jó waya pọ́ǹpù tàbí waya ẹ̀ńjìnnì wọn láti ọdún tó kọjá. Mẹ́sàn-án ni. Mo pe àwọn tó ni wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní mo fẹ́ tún un ṣe, n ò ní gba kọ́bọ̀. Àwọn kan dúpẹ́. Ọ̀kan bínú, ó ní kí ló dé tí mo fẹ́ tú ohun tó ń ṣiṣẹ́, àbí mo mọ nǹkan tí òun ò mọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo mú waya tí mo là lọ hàn án. Ó fọwọ́ kan líle yẹn, ó fọwọ́ kan rírọ̀ yẹn, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo fẹ́ parí rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé. Ní ìgbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn odò yòókù tó ń ṣàn wọnú ọ̀sà máa ń fọ iyọ̀ rẹ̀ lọ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí omi òkun rí àyè gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, iyọ̀ á padà, bàbà tó bá ti là lójú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hu àwọ̀ ewé láti inú. Nínú ọkọ̀ kẹrin, mo bá waya ilé oní-fọ́nrán kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ti fi so iná iwájú. Mo tú u dà nù láìbèèrè. Waya tí wọ́n rì mọ́ ara ògiri ni, kò yẹ kó wà níbi tó ń gbọ̀n.

Ní ọkọ̀ karùn-ún ni mo fún ọmọṣẹ́ mi ní bíléèdì. N kò sọ nǹkan kan fún un. Ó la rọ́bà náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó dúró lójú kan. "Ọ̀gá, ibí yìí ni ì bá ti já," ló sọ. Fọ́nrán mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù níbẹ̀ tí kò tíì gé.

Ọkọ̀ kan ló kù báyìí. Awakọ̀ rẹ̀ ti gbé e lọ sí apá Bàdóre, ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun máa ráyè gúnlẹ̀ láìsí èrò nínú rẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi ti to irinṣẹ́ sínú àpò láti àná. Bíléèdì ló kọ́kọ́ fi sí i.